Òṣèré Tí Mo Kọ́ ní Yorùbá ní Peckham

Nígbà tí wọ́n pè mí lórí fóònù pé kí n wá kọ́ òṣèré kan ní Yorùbá, ohun tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, "Ọmọ ta ni?" Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí ni, àwọn tó máa ń gbọ́ gbogbo ohun tí ìyá wọn bá sọ ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi dá a lóhùn. Mo mọ irú wọn dáadáa. Mo ní ọ̀kan nílé.

Ọ̀dọ́bìnrin ilé iṣẹ́ fíìmù kan ló pè mí. Ó ní, "Ará Amẹ́ríkà ni."

Mo ní kò burú, Yorùbá wà ní Amẹ́ríkà náà. Ó wá ní kí n lọ sí ilé tí wọ́n gbà fún un ní East Dulwich lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí àwa méjèèjì jọ sọ̀rọ̀.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Catford láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdé. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ Peckham ní Yorùbá nínú gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan. Mùsùlùmí ni mí, àwọn aláṣọ funfun ló ni gbọ̀ngàn, a sì ti jọ ń bá a bọ̀ láìsí wàhálà. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà máa ń rán aṣọ fún àwọn tó ń ṣe fíìmù. Òun ló dárúkọ mi fún wọn. Ó sọ fún wọn pé mo gbọ́ èdè náà dénú, àmọ́ mi ò ní sùúrù. Wọ́n ní ẹni tí kò ní sùúrù gan-an làwọn ń wá.

Obìnrin Ṣáínà kan ló ṣílẹ̀kùn fún mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn. Ó wọ ṣòkòtò ilé àti súwẹ́tà kan tó tóbi jù ú lọ, irun iwájú orí rẹ̀ sì ti ń funfun. Mo kí i, mo ní òṣèré ni mo wá rí.

Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé, "Èmi ni."

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Kò jọ pé inú bí i, ó kàn jọ ẹni tó ti ń rí irú rẹ̀ tipẹ́.

"Kò sí ẹlòmíì nínú ilé yìí, ma. Ẹ wọlé, tíì ti wà lórí iná."

Bí a ṣe mọra nìyẹn. Ó ṣàlàyé eré náà fún mi bó ṣe ń po tíì. Ọmọ Ṣáínà ni obìnrin tó fẹ́ ṣe nínú fíìmù yìí, àwọn òbí rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe báfù oníke ní Ìkẹjà, wọn ò sì ráyè ọmọ. Ìyá Yorùbá kan ló tọ́ ọ dàgbà, Yorùbá ló sì kọ́kọ́ fọ̀ lẹ́nu. Nígbà tó dàgbà, ó wá sí London, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù irun ní Peckham. Lọ́jọ́ kan, ìyá tó tọ́ ọ yìí wọ ṣọ́ọ̀bù náà, lẹ́yìn tí wọn ò ti fojú kan ara wọn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ìpàdé àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n fẹ́ kó fi Yorùbá ṣe.

Mo ní inú mi dùn. Mo ní èdè Ṣáínà náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa, kò ní ṣòro fún un rárá.

Ó gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kalẹ̀. "Mi ò gbọ́ èdè Ṣáínà, ma."

"Rárá?"

"Ìyá bàbá mi gbọ́ ọ. Bàbá mi gbọ́ díẹ̀. Èmi, mo lè fi ra oúnjẹ, àwọn tó ń tà á á sì máa rẹ́rìn-ín."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi, díẹ̀díẹ̀, nígbàkígbà tí ahọ́n rẹ̀ bá ń sinmi. Ìlú kékeré kan ní California ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń pín lẹ́tà, ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà eyín. Nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́, ó fẹ́ ṣe ọmọbìnrin pàtàkì inú eré tí wọ́n fẹ́ ṣe lópin ọdún. Olùkọ́ wọn ní kò ṣeé ṣe, torí àwọn tó fẹ́ ṣe bàbá àti ìyá ọmọ náà, òyìnbó ni wọ́n, àwọn èèyàn ò ní mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Wọ́n fi í ṣe òjò. Ó ní aṣọ aláwọ̀ eérú kan ni òun wọ̀, òun ń sáré kọjá lórí pèpéle.

"O ṣe é dáadáa?"

"Òjò yẹn rọ̀, ma."

Fíìmù àkọ́kọ́ tó ṣe, ó jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù kan, ó rí ìbọn, ó pariwo, ó ṣubú, ó kú. Ìyá rẹ̀ kó gbogbo aládùúgbò lọ wò ó ní sinimá. Bí ìran náà ṣe ń bọ̀, ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé àpò rẹ̀ tó já bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, ọmọ rẹ̀ ti kú. Ó ń bi gbogbo èèyàn pé, "Ìgbà wo ló máa jáde?" títí fíìmù fi parí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣe nọ́ọ̀sì. Ó tún ṣe nọ́ọ̀sì. Wọ́n wá fún un ní ipa kan tí ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, olùdarí sì ní kó máa sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ó sọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní, "Rárá, nílé gan-an." Wọ́n ní láti wá òyìnbó kan tí yóò kọ́ ọ bí ará Ṣáínà ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.

"Òyìnbó?"

"Ará ìlú yín níbí ni. Ó mọ̀ ọ́n ju ìyá bàbá mi lọ."

Ó ṣe dókítà lórí tẹlifíṣọ̀n fún ọdún bíi mélòó kan, ìyẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí àwọn èèyàn mọ̀. Lẹ́yìn tó lé lógójì ọdún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe ìyá fún àwọn ọkùnrin tí òun àti wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́. Gbogbo èyí ló ń sọ láìgbé ohùn sókè, èmi ni mo ń pòṣé.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé obìnrin yìí rọrùn láti kọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìbéèrè pa mí. Gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni "Àárò yín ń sọ mí". Ìgbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́, "ààrò" ló pè, bíi pé ibi ìdáná màmá yẹn ló ń dà á láàmú. Mo tún un ṣe. Ó wá pè é ní "àárọ̀". Mo ní kì í ṣe òwúrọ̀ là ń sọ. Ó tún padà sí ibi ìdáná. Nígbà tó wá rí i pè, ó ní kí ló dé tó fi ń "sọ" òun? Ṣé àárò ló ń sọ̀rọ̀ ni? Kí ló ń sọ?

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni èdè yín."

"Èmi ni mo ni ín, mi ò sì mọ̀. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀!"

Ẹ ó rí i pé mo ti ń fi "o" bá a sọ Yorùbá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi gbogbo ohùn pariwo mọ́ ọn ni mo dẹ́kun "ẹ". Ó ṣàkíyèsí rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní ṣé ó túmọ̀ sí pé òun ti di ọmọ ilé? Mo ní ó túmọ̀ sí pé ó ti sú mi.

Ọmọbìnrin mi, tó ti lé lógún ọdún tó sì ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, kò jẹ́ kí n gbádùn nígbà tó gbọ́ orúkọ ẹni tí mo ń kọ́. Gbogbo eré dókítà yẹn ló ti wò. Ó ní dandan ni kí òun tẹ̀ lé mi. Mo mú un dání lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan. Òṣèré ṣílẹ̀kùn, ó rí i, ó ní, "Káàbọ̀. Ṣé dáadáa ni?" Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ọmọ tí mo bí dá a lóhùn pé, "Hi! Oh my God."

Nígbà tí a ń rìn bọ̀ ní Lordship Lane ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní kò ha tì í lójú? Obìnrin tí kò dé Nàìjíríà rí ń kí i ní Yorùbá, òun ń pariwo Gẹ̀ẹ́sì.

"Mummy, wọ́n ń pay òun láti sọ ọ́," ó ní. "Tí òun bá ṣe mistake, ẹ máa repeat ẹ̀ fún un. Tí èmi bá ṣe mistake, ẹ máa pe Aunty ní Ìbàdàn láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Bọ́ọ̀sì dé, mo ní kó wọlé.

Ìwé eré náà ló wá burú jù. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìgbà tí wọ́n fẹ́ ya fíìmù náà. Gbogbo gbólóhùn tí mo túmọ̀ fún wọn, tí èmi àti òṣèré ti ń fi ẹnu jẹ láti ọjọ́ yìí, wọ́n ti yí i padà. Ibi tó yẹ kó ti sọ pé "Màámi, àárò yín ń sọ mí", wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ìyá, mo pàdánù rẹ." Mo pe olùdarí fíìmù náà lórí fóònù. Òyìnbó ni, ọ̀dọ́mọkùnrin, ohùn rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Mo ní, "Ṣé màmá yẹn ti kú ni?"

"Rárá o. Iwájú rẹ̀ ló dúró sí."

"Kí ló wá dé tó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lójú ara rẹ̀?"

Ó ní kò yé òun. Mo ní ẹni tó kú là ń pàdánù. Ó ní òun fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ohun tí kọ̀ǹpútà gbé jáde nìyẹn, ó sì dùn létí òun, ó kúrú ju tèmi lọ. Mo ní "rẹ" tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ọmọ wo ló ń bá ìyá tó tọ́ ọ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ ṣeré? Ó ní àwọn tó máa wò ó ò ní mọ ìyàtọ̀. Mo bi í pé Peckham wo ló rò pé òun ti fẹ́ ya fíìmù.

Òṣèré ló yanjú ẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó sọ fún olùdarí pé òun ò ní sọ "pàdánù", ó tán. Ó ní òun ti kú nínú fíìmù tó pọ̀ tó, òun ò ní pa ìyá oníyàá.

Ọjọ́ tí a máa yà á dé. Ṣọ́ọ̀bù irun kan ní Rye Lane ni wọ́n yá, wọ́n to àwọn wíìgì sí ojú fèrèsé, wọ́n na okùn sí iwájú ṣọ́ọ̀bù kí èrò má bàa wọlé. Láàárọ̀ náà ni mo rí àgbà obìnrin tó fẹ́ ṣe màmá Yorùbá. Ó we gèlè, ìró àti bùbá rẹ̀ bá a mu gan-an. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ ma, ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ó wò mí, ó fà mí lọ́wọ́ sí ẹ̀yìn ibi tí wọ́n kó aṣọ sí. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí pé Jàmáíkà làwọn òbí òun ti wá, pé òun ò gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè yìí, pé fóònù lòun fi kọ́ gbogbo ohun tí òun fẹ́ sọ.

"Kò sẹ́ni tó wá olùkọ́ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí. Wọ́n rí mi, wọ́n rò pé mo gbọ́ ọ."

Mo jókòó lé orí àpótí kan. Wọ́n gbà mí fún ẹni tójú rẹ̀ jọ Ṣáínà, wọ́n fi aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ láìsí olùkọ́. Mo fẹ́ lọ bá olùdarí, ṣùgbọ́n àgbà obìnrin náà bẹ̀ mí pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ò pọ̀ fún irú òun mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láàárín àwọn aṣọ, kíákíá kíákíá: "Ọmọ mi. O ti dàgbà. Jẹ́ kí n wò ọ́." Ó gbìyànjú. Mi ò ní purọ́, ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ohùn tó yẹ kó lọ sókè ń lọ sísàlẹ̀, a ò sì ní àkókò.

Wọ́n tan kámẹ́rà. Màmá wọlé. Òṣèré gbójú sókè láti ibi tó ti ń di irun sínú ọ̀rá, ojú rẹ̀ yí padà, ó sì ní, "Màámi. Àárò yín ń sọ mí. Ojoojúmọ́ ni."

Àwọn obìnrin tó ń ra iṣu àti ẹja ti pé jọ sí ẹ̀yìn okùn. Ọ̀kan nínú wọn kígbe pé, "Háà! Ẹ gbọ́ Chinko!" Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, a ní láti tún un yà nítorí ariwo wọn.

Ṣùgbọ́n olùdarí ò rẹ́rìn-ín. Ó wá sí ibi tí àwa méjèèjì wà, ó ń họ ọrùn. Ó ní ó dára gan-an. Ó ní bóyá ó tiẹ̀ ti dára jù. Àwọn tó ń wò ó lè má gbà gbọ́ pé ọmọ Ṣáínà lè sọ Yorùbá báyìí. Ṣé ó lè fi ohùn Ṣáínà díẹ̀ sí i?

Òṣèré ní, "Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ìkẹjà?"

"Díẹ̀ báyìí ni."

"Báwo ló ṣe ń dún? Ṣe é kí n gbọ́."

Ọmọkùnrin náà la ẹnu, ó wo àwọn tó ń gbé kámẹ́rà, ó wo èrò tó wà níta, ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Obìnrin tó kígbe lẹ́ẹ̀kan bi mí láti ẹ̀yìn okùn pé kí ló ń sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ẹ sọ fún un kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ jàre!"

Òṣèré kò pariwo. Ó jókòó lé orí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, ó gbá orí mú. Ó ní, "Ó ti sú mi. Ó ti sú mi pátápátá."

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ.

Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún olùdarí pé bí wọ́n ṣe kọ́ òun lòun máa sọ ọ́, bí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó wá ẹlòmíì. Wọ́n fà á lọ fà á bọ̀. Àwọn kan pe àwọn kan lórí fóònù. Mo ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́, mo fún òṣèré jẹ, mo fún màmá jẹ. Níkẹyìn, wọ́n ní ó dáa, kó sọ ọ́ bó ṣe fẹ́, wọ́n sì yà á.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni fíìmù náà jáde. Èmi àti ọmọ mi lọ wò ó ní sinimá Peckham. Nígbà tó dé ibi tí màmá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, mo dìde jókòó dáadáa. Òṣèré la ẹnu, dùùrù bẹ̀rẹ̀. "Màámi" nìkan ni mo gbọ́. Gbogbo "àárò" tí mo fi ìgbésí ayé mi kọ́ ọ, dùùrù bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni dùùrù dákẹ́ kí gbogbo ayé lè gbọ́ màmá dáadáa: "Ọ̀mọ̀ mí. Ò tí dágbà."

Mo ní, "Áà! Kí lèyí?" Ẹnì kan lẹ́yìn wa ní kí n dákẹ́.

"Mummy, please," ni ọmọ mi ń sọ. "Please."

Nígbà tí orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, mo dúró de tèmi. Ó jáde. Wọ́n pè mí ní olùkọ́ èdè Ṣáínà. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò rí ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ní Catford, òyìnbó ni, náà wò ó. Ó wá bá mi ní yàrá olùkọ́ pé òun gbádùn ẹ̀, pàápàá Yorùbá màmá yẹn. Ó ní èèyàn kàn máa ń mọ̀ tó bá jẹ́ pé èdè abínibí ni. Ó ní ti obìnrin Ṣáínà yẹn, ó hàn pé ó há a sórí ni. Mo sọ fún ara mi pé tíṣà kan ò gbọdọ̀ lu tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀, mo gbé ìwé mi, mo lọ sí kíláàsì.

Òṣèré ti padà sí California nígbà yẹn. Mo pè é nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo ro gbogbo ẹ̀ fún un: dùùrù, màmá, olùkọ́ èdè Ṣáínà. Ó rẹ́rìn-ín gan-an. Mo ní kò sí ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, Aunty," ó ní. "Ẹ fara balẹ̀."

Mo bi í pé iṣẹ́ ńkọ́. Ó ní òun ti sọ fún ẹni tó ń bá òun wáṣẹ́ pé òun ò tún ní ṣe ohùn kankan fún ẹnikẹ́ni mọ́, àfi ohùn ti ara òun. Láti ìgbà yẹn, fóònù ò fi bẹ́ẹ̀ dún. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fún òun ní eré orí ìtàgé kan nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní ìlú wọn, òun ló máa ṣe opó kan tó ń ta ilé ọkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí opó náà ti wá. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò.

"Olùdarí wọn ńkọ́? Ó mọ nǹkan tó ń ṣe?"

"Ó ní mò ń yára sunkún jù."

Mo pòṣé. Òun náà pòṣé, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Bọ́ọ̀sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí mo máa bọ́ọ́lẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti jẹun, ó ní rárá, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ àwọn. Mo ní kó lọ jẹun kó tó lọ bá wọn jà.